Òjò Ti Dá, Ẹ Padà Wá Parí Ìjà Yín

Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn àlá tí Bàbá Ọdẹ́yalé lá fún yín. Kì í ṣe òru ló lá a o. Ọ̀sán gangan ni, lọ́jọ́ Ẹtì kan tí ooru mú, lẹ́yìn tó jẹ ìrẹsì tán tó sì tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni bàbá yìí, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń jẹ́ Ọdẹ́yalé. Ìsẹ́yìn ló ń gbé, nínú ilé ayálégbé kan, yàrá méjì ni tirẹ̀ nínú ilé náà. Ó ti pé ọdún méjì tí ìyàwó rẹ̀, Mọ́rìnọ́lá, ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà ní Kánádà, ọjọ́ Àìkú ló sì máa ń pè. Láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé, oúnjẹ ni Bàbá Ọdẹ́yalé ń la ẹnu sí, tàbí kó yán. Bó bá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ á há, á kọ́kọ́ wúkọ́ bí ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí fún ìgbà pípẹ́.

Àmọ́ ẹ má wo bàbá yìí báyìí. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ìjàkadì ló gbé e dé Ìbàdàn, níbi ìdíje gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìpínlẹ̀ wọn. Ó dá ọmọ kan tó ga bí ọ̀pẹ. Ó dá òmíràn tó máa ń kọrin sí etí ẹni tó bá ń bá a jà. Nígbà tó di àṣekágbá, wọ́n pe òun àti ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rábíù síta. Wọ́n wọ̀yá ìjà. Ẹnìkan kò lè dá ẹnìkejì. Ibi tí wọ́n ti dì mọ́ra wọn bí ẹ̀wọ̀n ni òjò ńlá kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Àwọn òǹwòran sá. Rẹfirí sá. Àwọn alága gbé àga wọn sórí, àwọn náà sá. Ó wá ku ọmọkùnrin méjì péré nínú òjò, tí ẹnìkan kò fẹ́ kọ́kọ́ fi ẹnìkejì sílẹ̀. Nígbà tí òtútù mú wọn tó, Rábíù bú sẹ́rìn-ín. Ni Ọdẹ́yalé náà bá bú sẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe fira wọn sílẹ̀ nìyẹn. Àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n máa lọ sílé, wọ́n á ránṣẹ́ pè wọ́n padà bí òjò bá dá. Wọn kò ránṣẹ́ títí dòní. Ọdẹ́yalé kò sì fojú kan Rábíù mọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí orí ẹní.

Oorun kò tíì wọ bàbá lójú dáadáa tí aago tó wà lára ògiri fi wúkọ́. Aago náà ní, “Bàbá Ọdẹ́yalé, ìwé kan dé fún yín láti Ìbàdàn. Ọwọ́ mi méjèèjì kò dọ́gba, n kò lè nà án sí yín. Ẹ dìde wá gbà á.”

Bàbá dìde, ó gbà á, ó dúpẹ́. Ohun tó wà nínú ìwé náà kò ju ìlà kan lọ: *Sí Ọdẹ́yalé, Olùdíje. Òjò ti dá, ẹ padà wá parí ìjà yín.*

“Wọ́n mà tètè kọ̀wé,” ni bàbá wí. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó rò ó pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta kì í ṣe nǹkan kékeré fún òjò láti fi rọ̀, ó ní láti jẹ́ pé ìkùukùu pọ̀ lọ́run. Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó ṣílẹ̀kùn. Ìta ilé rẹ̀ ti di pápá ìṣeré Ìbàdàn. Koríko rẹ̀ ṣì tutù.

Ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ kò sí nílẹ̀. Òkè ló wà, ó ń léfòó lójú sánmà tòun ti fèrèsé àti pátákó orúkọ, wọ́n fi okùn so ó mọ́ òpó góòlù kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ sí Ọ̀yọ́. Wọ́n ju korobá kan sílẹ̀ sí bàbá. Bàbá jókòó sínú rẹ̀, wọ́n fà á sókè bí ẹni fa omi nínú kànga. Kò bẹ̀rù. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé kò wọ ẹ̀wù tó dáa.

Aláṣẹ mẹ́ta ló bá nídìí tábìlì. Ọ̀gá wọn gbé fọ́ọ̀mù kan síwájú.

“Orúkọ?”

“Ọdẹ́yalé.”

“Ọjọ́ orí?”

“Mẹ́tàdínlógún,” ni bàbá wí, òótọ́ ni ó sì rò pé òun ń sọ.

“Ta ló wà lẹ́yìn rẹ?”

“Ẹ̀yìn mi bí ti báwo, sà?”

“Ìjàkadì ni a ń sọ níbí. Ẹ̀yìn ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò ní ẹni lẹ́yìn, bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀, ta ni yóò gbé e dìde? Dárúkọ ẹnìkan.”

Bàbá dárúkọ Mọ́rìnọ́lá. Ọ̀gá náà wo inú ìwé kan tó nípọn, ó mi orí. “Èyí kò sí nílùú mọ́.” Bàbá dárúkọ ọmọ rẹ̀. “Èyí ń sùn lọ́wọ́. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ lọ́dọ̀ tiwọn.” Bàbá dárúkọ olùkọ́ eré ìdárayá tó kọ́ ọ ní ìjà. Ọ̀gá náà ṣí ojú ìwé méjì, ó pa á dé.

“Fi àyè náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà,” ni ó wí.

Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé náà. Bí òǹtẹ̀ ṣe dún gbì, ni ọ̀gá di òbúkọ. Àwọn méjì yòókù náà di ewúrẹ́, ọ̀kan funfun, ọ̀kan aláwọ̀ eérú, táì wọn ṣì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ fọ́ọ̀mù bàbá. Ibi tí wọ́n kọ nǹkan sí ni wọ́n ń jẹ. Àyè tó ṣófo nìkan ni wọn kò fẹnu kàn.

“Ẹ kú oúnjẹ o, ẹ̀yin ọ̀gá,” ni bàbá wí. Ó padà sínú korobá.

Òṣùwọ̀n ló kàn nísàlẹ̀, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jà láìwọ̀n ọ́n. Òṣùwọ̀n àtijọ́ ni, irin rẹ̀ ti dípẹtà, ó sì sọ̀rọ̀ bí arúgbó obìnrin.

“Gùn mí, ọkọ mi,” ni ó wí. Bàbá gùn ún. “Háà! Kí lo gbé sára? Egungun rẹ fúyẹ́, ẹran ara rẹ kò tó nǹkan. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí o kò sọ ti pọ̀ jù nínú rẹ. O ti wúwo kọjá ìpele tìrẹ. O kò lè jà.”

“Kí ni kí n ṣe, màmá?”

“Sọ díẹ̀ níbẹ̀. Mo ń gbọ́.”

Bàbá dúró lórí òṣùwọ̀n, ó kọ́kọ́ wúkọ́. Ó ní òun ṣì máa ń wọn ìrẹsì ẹni méjì sínú ìkòkò. Ó ní bí òun bá jẹ ìdajì tán, òun á jókòó ti ìdajì kejì. Òṣùwọ̀n ní ó ti ń lọ sílẹ̀, kó máa sọ lọ. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n sin Mọ́rìnọ́lá, gbogbo ènìyàn ló bọ òun lọ́wọ́, wọ́n dì mọ́ òun, títí ó fi sú òun. Ó ní láti ìgbà náà, yàtọ̀ sí ẹni tó ń gẹrun fún òun, tó máa ń di orí òun mú, kò sí ẹlòmíràn tó ń fọwọ́ kan òun. Ó sọ èyí wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn.

“Ó ti tó,” ni òṣùwọ̀n wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Máa lọ jà.”

Orí àwọn pèpéle tí òǹwòran ń jókòó sí kún dẹ́múdẹ́mú, àmọ́ kò sí ènìyàn níbẹ̀. Bàtà ni. Bàtà ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, sálúbàtà, bàtà àwọn olùkọ́, àwọn tí ẹsẹ̀ kúrò nínú wọn nígbà tí òjò lé wọn lọ. Nígbà tí bàbá jáde, gbogbo bàtà náà ń lu ara wọn, pá, pá, pá. Bàbá juwọ́ sí wọn. Ó wá wò ó pé àtẹ́wọ́ bàtà kì í pẹ́ tán.

Rábíù ti dúró. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, bó ṣe wà lọ́jọ́ náà ló ṣe wà, omi òjò ṣì ń kán lórí rẹ̀.

“O pẹ́,” ni Rábíù wí.

“Wọn kò ránṣẹ́ pè mí.”

“Wọn kò ránṣẹ́ pè mí náà. Èmi ò kàn lọ sílé ni.”

Òbúkọ bọ́ sáàárín wọn tòun ti fèrè, ó ké “mẹ̀ẹ̀ẹ̀”, wọ́n sì gbára wọn mú. Bàbá mọ ìdìmú náà lójú ẹsẹ̀. Apá Rábíù gba abẹ́ abíyá rẹ̀ kọjá, àgbọ̀n rẹ̀ kan èjìká rẹ̀, èémí rẹ̀ gbóná létí rẹ̀. Agbára bàbá pé. Ó mọ̀ pé bí òun bá yí ìbàdí sí òsì báyìí, òun á dá ọmọ yìí. Kò yí i.

“Kí lò ń dúró dè?” ni Rábíù béèrè.

“Ìwọ ńkọ́?”

“Mo ti dúró fún ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, kí ni mo tún fẹ́ máa kánjú sí?”

Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀. Òbúkọ fọn fèrè, kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Òbúkọ kìlọ̀ fún wọn pé ìjàkadì kì í ṣe ìdìmọ́ra, ó ní ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n má bínú, ó ní òun kò rí ìyàtọ̀ náà dáadáa mọ́. Ewúrẹ́ funfun jẹ igun ẹní ìjà díẹ̀, ó lọ sùn.

Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, Rábíù sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí. “Ọdẹ́yalé.”

Bàbá mí kanlẹ̀. Kò rántí ìgbà tí ẹnìkan ti pe orúkọ rẹ̀ kẹ́yìn láì fi Bàbá síwájú rẹ̀.

“Ọdẹ́yalé, òtútù ń mú mi. Ara mi kò tíì gbẹ láti ọjọ́ náà. Jọ̀wọ́, dá mi, kí n lè máa lọ sílé.”

“Bí mo bá dá ọ, ìjà parí nìyẹn.”

“Ó yẹ kó parí.”

“Èmi ńkọ́? Ta ni yóò kù síbí?”

Rábíù ń gbọ̀n. Bàbá náà ń gbọ́ bí eyín rẹ̀ ṣe ń lu ara wọn. Ẹ̀yin èèyàn mi, bàbá yìí fẹ́ dì í mú títí ayé, bí ó bá ṣe é ṣe. Ó fẹ́ kí òjò mìíràn rọ̀. Ó gbójú sókè wo ojú ọ̀run, ojú ọ̀run mọ́ kedere, kò sí ìkùukùu kan. Ó bá yí ìbàdí sí òsì. Kò jù ú. Ó gbé e bí ẹni ń gbé ọmọ tó ti sùn, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ jẹ́ẹ́, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ẹní.

“Ó kàn án,” ni Rábíù wí. Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ òjò. “O ṣeun.” Omi orí rẹ̀ gbẹ. Òun náà gbẹ tẹ̀lé e, títí ibi tó dùbúlẹ̀ sí kò fi lọ́rinrin mọ́.

Òbúkọ kéde pé Ọdẹ́yalé ló borí gbogbo ìpínlẹ̀. Nínú ìdíje, rẹfirí ló máa ń di ọwọ́ ẹni tó borí mú, tí yóò sì gbé e sókè. Àmọ́ ẹsẹ̀ mẹ́rin ni òbúkọ ní, kò ní ọwọ́. Bàbá bá fúnra rẹ̀ na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Àwọn bàtà ti ń dìde lọ ní méjìméjì. Ọ́fíìsì tú okùn rẹ̀, ó ń rọra fò lọ. Ilẹ̀ pápá náà wá fẹ̀ sí i, ó ń fẹ̀ sí i, bàbá sì dúró láàárín rẹ̀, olúborí gbogbo ìpínlẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ lókè.

Ibẹ̀ ló ti lajú. Ooru ṣì mú. Orí ẹní ló wà, ojú rẹ̀ tutù, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún sókè gbọnrangandan. Ọwọ́ náà ti kú, kò lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Obìnrin kan tó ń gbé lápá kejì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń gbé aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ kọjá. Ó dúró. Ó rò pé bàbá ń wá ẹni tí yóò fa òun dìde ni.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ṣé ẹ̀yìn ń dùn yín ni? Ẹ dúró ná.” Ó sọ aṣọ sórí àga, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọwọ́ náà mú, ó fà á. Bàbá dìde.

“Ẹ má bínú, ìyá,” ni bàbá wí. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ há, kó tó jáde. “Ọdún kẹrin rèé tí a jọ ń gbé ilé yìí, n kò mọ orúkọ yín.”

“Èmi ni Ṣadiàtù. Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Ọdẹ́yalé.”

“Ẹ rọra dúró, Bàbá Ọdẹ́yalé. Tí ojú yín bá wálẹ̀, ẹ wí, kí n fi yín sílẹ̀.”

Ojú bàbá ti wálẹ̀ tipẹ́. Kò wí nǹkan kan.