Wákàtí Mẹ́rin Tí Wọ́n Kọ Sára Páálí

Bàbá Ọláníyan, wolé-wolé tó ti fẹ̀yìntì ní Ìkìrun, ti ń fìdí rẹmi nídìí dírááfù láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri. Kì í ṣe gbogbo ayé ló ń nà án o. Ní Ìkìrun fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó tó o. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni ìṣòro rẹ̀: Ọmọ́ṣẹ̀yìndé, atúnkẹ̀kẹ́ṣe ní Òkukù, tí wọ́n jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ẹ̀kọ́ nígbà èwe. Bí Ọláníyan bá ti lè jókòó síwájú ọkùnrin yìí lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọgbọ́n tó gbé kúrò nílé a pòórá.

Nínà nìkan kọ́ ló ń dùn ún. Ẹnu Ọmọ́ṣẹ̀yìndé ló ń pa á lára. Bó bá ti jẹ ọmọ dírááfù kan báyìí, a gbé e sókè, a fojú wò ó, a ní, "Wolé-wolé, mo tún rí tanwíjí kan nínú àmù ẹ!" Gbogbo abẹ́ igi a sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wo inú àmù olómi kiri, tó ń mú àwọn tí tanwíjí wà nínú omi wọn lọ sí kóòtù, òun náà ni wọ́n wá ń wo àmù rẹ̀ ní gbangba.

Òfin méjì ni wọ́n ń tẹ̀ lé níbẹ̀. Ẹni tó bá dìde lórí àga kí wọ́n tó ta á tán ti fìdí rẹmi, ìbáà jẹ́ ilé rẹ̀ ló ń jó. Ẹni tí wọ́n bá sì nà gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "O nà mí." Ọláníyan ti sọ ọ́ títí ó ti di ẹsẹ Bíbélì lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó kù tó ń wá láyé ni kó fetí ara rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu Ọmọ́ṣẹ̀yìndé, lẹ́ẹ̀kan péré, kó tó kú. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tó ń lọ, ó ní ọ̀tá kan ń dojú kọ òun ní Òkukù. Wòlíì ní kó gbààwẹ̀. Ó gbà á tọkàntọkàn, ó fi ikùn òfìfo wọ mọ́tò lọ sí Òkukù, wọ́n sì nà án bí ẹni na bàrà.

Ìgbà tó di ọdún 1997 ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, Morìnsọ́lá, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, gba ìsinmi wálé. Ó gbé kọ̀ǹpútà kan lọ́wọ́, irú èyí tí wọ́n máa ń ká bí ìwé, tí wọ́n sì ń gbé lé itan. Kọ̀ǹpútà náà mọ dírááfù ta. Bàbá jókòó tì í, kọ̀ǹpútà nà án. Ó tún jókòó, ó tún nà án. Dípò kí inú bí bàbá, ńṣe ló ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

"Morìnsọ́lá, ṣé kiní yìí lè lọ sí Òkukù?"

"Ó lè lọ o, Bàbá. Ṣùgbọ́n bátìrì ẹ̀ ni mò ń rò."

Bàbá gbé páálí tí kọ̀ǹpútà náà wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó na ìka sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà. "Wákàtí mẹ́rin láìsí iná. Èmi náà mọ̀wé."

"Bàbá, ẹ má gbára lé ìyẹn. Àwọn tó ṣe é, wọ́n á dín ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀ kù, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án, wọ́n á wá jókòó máa ka wákàtí. Tá a bá ń lò ó bí èèyàn ṣe ń lo nǹkan, wákàtí kan àti díẹ̀ ló máa ń ṣe."

"Wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ àbí wọn ò tẹ̀ ẹ́?"

"Wọ́n tẹ̀ ẹ́, sà."

"Ó tán. Èèyàn lè fẹnu purọ́. Ta ló máa fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé purọ́?"

Ẹ má bú u. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún lẹ ìwé ìkìlọ̀ ìjọba mọ́ ara ògiri, ìwé títẹ̀ ti di ọlọ́run kékeré lójú rẹ̀. Ẹnu dùn-ún ròfọ́ ni àwọn baba wa wí; wọn ò rántí sọ pé páálí náà dùn-ún ròfọ́.

Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì ní gáréèjì Ìkìrun lẹ́yìn tí oòrùn ti yẹ àtàrí díẹ̀. Morìnsọ́lá ti gba iná sínú kọ̀ǹpútà náà kún bámúbámú, ó sì gbé e mọ́ àyà. Ká ní bàbá rẹ̀ lè pa ẹnu mọ́ ni, wọn ì bá gbé e dé Òkukù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú dídùn ń ta bàbá nídìí. Kí wọ́n tó jáde nílùú, ó ti sọ fún obìnrin kan tó ń ta àwo, tó jókòó tì í, pé ohun tó wà lọ́wọ́ ọmọ òun yìí gbọ́n ju gbogbo ará Òkukù lọ. Obìnrin náà ní irọ́ ni. Bàbá ní kí Morìnsọ́lá ṣí i.

"Bàbá, iná ẹ̀..."

"Wákàtí mẹ́rin! Ṣí i fún wọn."

Ó ṣí i. Kọ̀ǹpútà náà kọrin kékeré tó máa ń kọ bó bá jí, gbogbo bọ́ọ̀sì kígbe. Àwọn tó wà níwájú yí ọrùn padà, dẹ́rẹ́bà náà fẹ́ yí ọrùn padà, wọ́n sì fọhùn bú u pé kó máa wo ọ̀nà. Obìnrin aláwo ní kí wọ́n jẹ́ kó tún kọrin náà. Wọ́n pa á, wọ́n tún tan án. Ó tún kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n dúró ní Inísà kí èrò sọ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ̀ mọ́. Àwọn tó ń dúró de mọ́tò sì ti yọrí wọlé láti ojú fèrèsé, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn náà tan án. Bàbá Ọláníyan ń pín in bí ẹni ń pín àkàrà sàárà. Ìgbà tí wọ́n fi máa dé Òkukù, Morìnsọ́lá wo àmì bátìrì, ó rí i pé ó ti dín sí ìdajì, ó sì pa kiní náà dé láìsọ nǹkan kan.

Ọmọ́ṣẹ̀yìndé ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ nígbà tí wọ́n yọ. "Wolé-wolé! Àmù tún ti kún ni?"

"Lónìí, n kò ní bá ẹ ta," ni Ọláníyan wí. "Ẹ̀rọ yìí ló máa bá ẹ ta lórúkọ mi. Tó bá nà ẹ́, èmi lo máa kọjú sí tí o máa sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí o sọ."

Ọmọ́ṣẹ̀yìndé rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Ó gbà. Àwọn èèyàn ti pé bo igi fúrúùtù. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà lé àga òdìkejì, wọ́n gbé ọpọ́n sí àárín, wọ́n to ìdérí ìgò tí wọ́n fi ń ṣe ọmọ. Ohun tí kọ̀ǹpútà bá ta, Morìnsọ́lá a ta á sórí ọpọ́n. Ohun tí Ọmọ́ṣẹ̀yìndé bá ta, a tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Níbẹ̀rẹ̀, ẹnu Ọmọ́ṣẹ̀yìndé mú bí abẹ. Ó bú kọ̀ǹpútà náà, ó bú bàbá tó bí i, ó bi í bóyá ó ti jẹun. Kọ̀ǹpútà náà kò dáhùn. Ó kàn ń jẹ ọmọ ni. Ó jẹ ẹyọ kan, ó jẹ méjì, ó fi ọ̀kan jọba. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹnu Ọmọ́ṣẹ̀yìndé ń wọlẹ̀. Òógùn ń ṣàn sí ètè rẹ̀, kò sì rántí nù ún. Ní ti Ọláníyan, ìdí rẹ̀ kò gba àga mọ́. Ó ń fò sókè, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké, ó ń dì mọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí. Ó pẹ́ ni, ó yá ni, akólòlò á pe baba.

Ìgbà náà ni Ọmọ́ṣẹ̀yìndé na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà. "Ọmọ mi, kí ni kiní kékeré tó ń rù yìí?"

Bàbá Ọláníyan wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ṣùgbọ́n Morìnsọ́lá kò mọ irọ́ pa fún àgbà. "Agbára bátìrì ẹ̀ ni, sà."

"Tó bá wá rù tán ńkọ́?"

"Á kú, sà."

"Háà," ni Ọmọ́ṣẹ̀yìndé wí, ojú rẹ̀ sì là rekete.

Àfi bó ṣe fa ìgò aṣáà yọ. Ó fi ìka lù ú, ó ṣí i, ó fín in, ó dúró de sísín. Obìnrin kan ń kọjá lọ. Ó kí i, ó kí ọkọ rẹ̀, ó kí àwọn ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó béèrè ewúrẹ́ wọn. Ó ní òun ń ronú. Kò sì sí òfin tó ní kí èèyàn má ronú. Ọláníyan bọ́ fìlà, ó ń fi fẹ́ kọ̀ǹpútà bí ẹni ń fẹ́ ẹni tó dákú. Ọkùnrin kan sáré gbé bátìrì rédíò mẹ́rin wá, ó ní òun ti sá wọn sóòrùn láti àárọ̀, wọ́n ti lágbára. Morìnsọ́lá ní wọn ò lè wọ inú ẹ̀. Wọ́n béèrè iná, wọ́n ní iná ti lọ láti ìjẹta. Ọmọ́ṣẹ̀yìndé gbé ọwọ́ lé ọmọ kan, ó tún gbé e kúrò.

Kọ̀ǹpútà náà dún pín-ín, ó ṣókùnkùn.

"Ó ti dìde!" ni wọ́n hó lọ́wọ́ kan. "Ó ti dìde lórí àga! Òfin ni!"

 Ìtìjú mú Ọláníyan, ìbínú mú un, omi sì ń bọ̀ lójú rẹ̀. Ọjọ́ tó ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́, bátìrì ló jẹ ẹ́. "Wákàtí mẹ́rin," ló ń wí, "wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀!"

Ọmọ́ṣẹ̀yìndé bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó wo ọpọ́n. Ó wo àga òdìkejì. Ó gbé kọ̀ǹpútà náà jẹ́jẹ́, ó gbé e fún Morìnsọ́lá.

"Kò dùn mọ́ mi," ló wí. "Mo bú u, kò gbọ́. Ó nà mí títí, kò rẹ́rìn-ín. Irú ayò wo nìyẹn? Ọláníyan, jókòó síbẹ̀ jàre, ká ta á tán bó ṣe wà."

Ọláníyan jókòó kó tó sọ ọ́ tán. Kíákíá ni ẹnu Ọmọ́ṣẹ̀yìndé tún ṣí: "Ẹ̀rọ fi ogún sílẹ̀ fún ẹ, o máa ná an tán!" Lóòótọ́, ìyẹn ló ń ṣẹlẹ̀. Ọláníyan ta ọ̀kan láìdáa, wọ́n jẹ ẹ́. Ó ta òmíràn, wọ́n jẹ ọba tí kọ̀ǹpútà fi sílẹ̀. Wọ́n wá dọ́gba, èrò ń hó, Morìnsọ́lá fọwọ́ bojú. Ṣùgbọ́n ìdùnnú ti gba Ọmọ́ṣẹ̀yìndé kọjá ààlà. Èébú ló ń wá, kò wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ti ọmọ kan síwájú. Ọláníyan wò ó. Ó tún wò ó, nítorí kò gbà á gbọ́. Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó fò, ó fò, ó fò.

"Tanwíjí!" ló kígbe. "Tanwíjí! Tanwíjí mẹ́ta nínú àmù kan ṣoṣo!"

Kò ku ẹyọ kan fún Ọmọ́ṣẹ̀yìndé lórí ọpọ́n. Gbogbo abẹ́ igi na ọrùn síwájú. Ọmọ́ṣẹ̀yìndé ṣí fìlà, ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tààrà, ó sì la ẹnu.

"Ùùùùù! Iná dé o!"

Gbogbo Òkukù ló hó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ ìlọta òdìkejì títì bẹ̀rẹ̀ sí í ké, rédíò onígbàjámọ̀ bú jáde, àwọn ọmọ ń fò láti ojúlé dé ojúlé. Ọláníyan rí i tí ètè Ọmọ́ṣẹ̀yìndé mì, ó rí i tó pa dé. Kò gbọ́ nǹkan kan.

"Kí lo wí?"

"Mo ti wí i."

"N kò gbọ́!"

"Èmi kọ́ ni mo dí ẹ létí. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń sọ ọ́."

Ọláníyan yíjú sí èrò. "Ta ló gbọ́ ọ? Ẹ̀yin èèyàn Òkukù, ta ló gbọ́ ọ?" Gílóòbù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn ni gbogbo wọn ń wò. Ó ké pe ọmọ rẹ̀. Morìnsọ́lá ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń wá ibi tó máa ki wáyà bọ̀.

"Bàbá, mọ́tò Ìkìrun tó kẹ́yìn ló ń fun fèrè yẹn o," ló wí nígbà tó jáde.

"Kó máa lọ," ni Ọláníyan wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ìdérí ìgò padà sórí ọpọ́n.