Iṣẹ́ Tí Wọ́n Ń Tọ́ka Sí

Kí n dá ọmọ yìí lóhùn lórí fóònù ni? Kí n ní kí ni? Pé, Raheemah, má tú kópà yẹn mọ́, kò sí nǹkan kan tó ṣe irinṣẹ́ rẹ, èmi ni mo... Rárá. Kì í ṣe lónìí. Wọ́n ti ń to àga síta. Mo ń gbọ́ ohùn Bàbá mi lábẹ́ fèrèsé, ó ń pàṣẹ fún àwọn tó ń ta kánópì bí ẹni tó fẹ́ gbé ìyàwó. Ó ti pe gbogbo Àsàlátù àdúgbò wá bá wa dúpẹ́. Ó pe àwọn ẹbí wa ní Ìmùṣin. Anti Rahmah ti ń rin ewùrà ìkọ́kọrẹ́ láti àárọ̀. Nítorí tèmi ni o. Nítorí pé Dàpọ̀, ọmọ àbúrò Bàbá, rí i lórí fóònù pé orúkọ mi, Kúbúrátù, wà láàárín àwọn onímọ̀ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn káyé ń tọ́ka sí iṣẹ́ wọn jù nínú ìwé.

"Lẹ́ẹ̀sí bí i bí kì í bá ṣe èmi?" Bí Bàbá ṣe ń fi Ìjẹ̀bú pariwo rẹ̀ fún àwọn ọlọ́kadà ìta nìyẹn, pé ta ló bí mi bí kò ṣe òun. Inú rẹ̀ dùn ju ti ọmọdé lọ. Ìyá Fatihah tó ń gbé ọ̀kánkán wa sì gbà pé èmi gan-an ni mò ń wa ọkọ̀ òfuurufú. Ó ní kí n máa juwọ́ sí òun bí mo bá ń kọjá lókè Ìjẹ̀bú-Òde. Mo rẹ́rìn-ín fún un. Ẹ̀rín ọ̀hún korò lẹ́nu mi.

Ìyẹ́ ọkọ̀ nìkan ni mo mọ̀. Ìyẹ́ àti afẹ́fẹ́. Bí ọkọ̀ bá gbé imú sókè jù, afẹ́fẹ́ á bó kúrò lára ìyẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ á fẹ́ já. Mo lẹ kópà pẹlẹbẹ mọ́ ẹ̀yìn ìyẹ́ kékeré kan, mo rán iná mànàmáná sí i, atẹ́gùn tó fara kàn án sì di pílásímà, afẹ́fẹ́ tó ti gba iná sára, ó ń tàn ràkọ̀ràkọ̀ bí omi aró, ó fa afẹ́fẹ́ padà sára ìyẹ́. Ó dúró! Mo fò sókè lọ́jọ́ náà. Mo kọ ọ́ jáde fún gbogbo ayé pé kódà nínú afẹ́fẹ́ líle, ó dúró.

Afẹ́fẹ́ náà ò le. Òun nìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń wọn eré afẹ́fẹ́, n ò dá a padà sí òdo kí n tó bẹ̀rẹ̀, bí òṣùwọ̀n alẹ́ran. Afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́ ni pílásímà mi mú, ìjì ni mo kọ sínú ìwé.

N ò mọ̀. Ọlọ́run rí mi, n ò mọ̀ nígbà náà. Ta ni kì í ṣàṣìṣe? Ṣùgbọ́n mo ti wá mọ̀ báyìí... ọmọ yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀. Raheemah. Akẹ́kọ̀ọ́ tí n ò fojú rí rí, ní yunifásítì kan lókè ọya. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ṣe é bí ẹ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, kò gbà. Kí ni mò ń ṣì ṣe?" Mo lọ tú iṣẹ́ náà yẹ̀ wò kí n lè fi hàn án pé òun ló ṣì í. Mo rí i. Èmi ni mo ṣì í. Mo sì jókòó, mo fèsì: "Ó jọ pé kópà rẹ ò lẹ̀ dáadáa. Tún un lẹ̀."

Tún un lẹ̀! Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́... èmi àgbà ọjà ni mo fọwọ́ ara mi wọ́ ọ. Ó tún un lẹ̀. Ó tú u, ó tún un lẹ̀, títí awọ ìka rẹ̀ fi bó. Òun ló tún kọ̀wé láàárọ̀ yìí: "Ọ̀gá mi ní kí n fi sílẹ̀ mà, pé iṣẹ́ yìí ju ọpọlọ mi lọ. Mò ń lọ sílé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹ ṣeun gan-an." Ó tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Àwọn tó kù ńkọ́, gbogbo àwọn tó tọ́ka sí mi? Kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ béèrè? Àáró là ń ṣe. Usamah, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ kàwé, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: "Mo ti tọ́ka sí iṣẹ́ tìẹ nínú ìwé tèmi o. Tèmi dà?" Mo fi tirẹ̀ sí i. Ó mú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. Bá mi ro tèmi, kí n bá ọ ro tìrẹ. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa tó ń ṣàáró, ẹ̀yìn máa ń ro wọ́n nírọ̀lẹ́. Ta ló gbé ọkọ́ nínú tiwa? N ò ka iṣẹ́ Usamah kọjá ojú ewé àkọ́kọ́. Létí ebè la ti ń kí ara wa kú iṣẹ́, tá a sì ń yà sílé.

Bàbá ni. Nítorí Bàbá ni n ò ṣe lè sọ ọ́. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tó ní kí n lọ kọ́ nípa ọkọ̀ òfuurufú, ó dá wọn lóhùn, ó ta kú. Ó ti darúgbó. Ìtìjú á pa á. Kí n kúkú dúró dìgbà tó bá... tó bá kí ni? Astaghfirullah. Kí ni mò ń rò yìí?

Ṣé ìtìjú á tiẹ̀ pa á? Bí mo bá ní, "Bàbá, mo ṣì í wọ̀n ni o," á ní, "Ṣebí kó o tún un wọ̀n." Á fa abọ́ ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀ mọ́ra. Bàbá kọ́. Mo kàn ń sá pamọ́ sẹ́yìn agbádá rẹ̀ ni.

Kí ló wá dé? Rò ó dáadáa, Kúbúrátù. Láàárọ̀, nígbà tó o ka ibi tí ọmọ náà ti ní iṣẹ́ yìí ju ọpọlọ òun lọ, tó ní òun ń lọ sílé... kí lo ṣe? O ò sunkún. O mí kanlẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ka iṣẹ́ rẹ dé ìparí, ó gbà ọ́ gbọ́ débi pé ojú ara rẹ̀ ló pè ní òpùrọ́, ara sì tù ọ́ pé ó ń lọ.

Áfà ti dé. Wọ́n ń pè mí kí n jáde wá bá wọn dúpẹ́. Ìbòrí ti wà lórí mi, n ò tíì dìde. Mo ti dúpẹ́ tèmi láàárọ̀. Lórí fóònù yìí, lórí ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ, mo ní Alhamdulillah. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́.