Ìsinmi Adémúyìwá

Ohun tí ẹ ti ń fura sí láti ìgbà tí ẹ ti gbọ́ pé ọkùnrin kan rìn láti Dàkáà dé Kòtónù, òótọ́ ni: kì í ṣe ẹsẹ̀ ló fi rin gbogbo rẹ̀. Mọ́tò gbé e níbi púpọ̀, ọkọ̀ ojú omi gbé e níbi díẹ̀, ọ̀kadà náà sì gbé e nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò. Ṣùgbọ́n ó rìn, ká má purọ́ mọ́ ọn. Oṣù mọ́kànlá ni Adémúyìwá fi wà lójú ọ̀nà. Nígbà tó wọ Òkè-Ìlá lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, bàtà rẹ̀ ti lanu, ojúgun rẹ̀ ti gbẹ bí igi ìdáná, báàgì tó gbé kọ́ ẹ̀yìn sì ga ju orí rẹ̀ lọ.

Tẹjúmádé, àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣe tíṣà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló gba báàgì náà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrìn, bùrọ̀dá mi. Ẹ kú ewu ọ̀nà." Ó gbé omi lọ́wọ́ọ́rọ́ wá, ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi òrí pa á. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu rẹ̀ tó wúwo ju báàgì yẹn lọ, kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́.

Màmá wọn wà lórí ibùsùn ní Ọ̀rà, nílé àbúrò màmá. Dókítà ti ní àrùn tó ń ṣe wọ́n ti wọ ẹ̀dọ̀, kí wọ́n máa gbé màmá lọ sílé, kí wọ́n sì pe ẹni tí màmá bá fẹ́ rí. Ẹnì kan ṣoṣo ni màmá fẹ́ rí.

Òfin ilé ni kò jẹ́ kí Tẹjúmádé sọ ọ́. Ní ọdún tí Adémúyìwá pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bàbá wọn ti Àbíjàn dé. Ẹnì kan pàdé bàbá ní gáréèjì, kò jẹ́ kí wọ́n mu omi tó fi sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n wọn ti kú. Orí àpótí ẹrù tí bàbá jókòó sí ni wọ́n ti yẹ̀ gẹ̀rẹ̀, wọn ò sì dìde mọ́. Láti ọjọ́ náà ni màmá ti ní, nínú ilé tòun, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ìròyìn burúkú fún ẹni tó ti ìrìn àjò dé, àfi bí onítọ̀hún bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti sinmi. Bàbá Dáníẹ́lì, àbúrò bàbá wọn tó jẹ́ olórí ilé báyìí, ń ṣọ́ òfin náà bó ṣe ń ṣọ́ àpótí ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá fúnra wọn ò sì yí i padà. "Ẹ jẹ́ kó sinmi," ni wọ́n wí. "Bó bá sinmi tán, yóò wá."

Ní alẹ́ ọjọ́ tó dé, lẹ́yìn tó ti jẹ iyán tán, Adémúyìwá bi Tẹjúmádé pé, "Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà ní Ọ̀rà."

"Wọ́n gbọ́ pé mo dé?"

"Wọ́n gbọ́."

"Kí wọ́n wá bá mi nígbà náà. Àwọn náà ló ń fi mí ṣẹ̀sín nígbà tí mò ń lọ, pé ẹni tí kò lè rìn dé oko ló ń lọ sí Dàkáà. Kí wọ́n wá wo ẹsẹ̀ yìí."

Kò tún béèrè wọn mọ́. Ó ń retí wọn ni, bí ọba ṣe ń retí ìjòyè tó ṣẹ̀ ẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta, Tẹjúmádé gbé ẹ̀kọ wá, ó rọra ní, "Bùrọ̀dá mi, ṣé ẹ ti sinmi?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tíṣà, ṣé o rò pé Ìlá tó wà nítòsí yìí ni mo ti ń bọ̀ ni? Ara tó rin irú ìrìn yìí, ọjọ́ mọ́kànlélógún ló fi ń sinmi. Ẹ̀kọ́ ni. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀." Ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ìrọ̀rí, ó sì tan fóònù rẹ̀ láti fi ẹsẹ̀ náà han àwọn tó ń tẹ̀lé e lórí ayélujára. "Ọjọ́ kẹta ìsinmi," ló wí fún fóònù.

Ará àdúgbò ń wọlé wá kí i. Ó ń fi àpá kan hàn wọ́n ní orúnkún. Lọ́jọ́ Àìkú, Málì ni àpá náà ti wá. Lọ́jọ́rú, ó ti di ti Gínì.

Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí, Tẹjúmádé á gun ọ̀kadà Gbénga lọ sí Ọ̀rà. Ìbéèrè kan náà ló ń bá níbẹ̀.

"Ṣé ó ti sinmi?"

"Ó kù díẹ̀, Màmá."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń san."

"Ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu."

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, màmá ṣì ń jẹ ẹ̀kọ. Lọ́sẹ̀ kejì, ògì ni wọ́n ń fi ṣíbí kán sí wọn lẹ́nu.

Ní ọjọ́ kẹwàá ni Adémúyìwá dìde. Tẹjúmádé dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní kọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ti yára dúpẹ́ jù. Òkè ńlá kan ní Kamẹrúùnù ló kàn tó fẹ́ lọ gùn, ọkùnrin náà sì ní ìsinmi òun ti wọnú ìmúrasílẹ̀, ẹni tó bá sì ń múra, a kì í pè é lẹ́ni tó ti sinmi. Ó kó isu mẹ́fà sínú báàgì, isu oko màmá rẹ̀, ó ń gbé e gun àpáta ẹ̀yìn ìlú ní àràárọ̀, fóònù ń wò ó.

Tẹjúmádé tọ Bàbá Dáníẹ́lì lọ. "Bàbá, ẹni tó ń pọn isu mẹ́fà gun àpáta, ìsinmi wo ló tún kù fún un?"

"Ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́?"

"Rárá, sà."

"Ṣé o fẹ́ pa á bí wọ́n ṣe pa bàbá rẹ ni?"

Tẹjúmádé padà sílé. Ó ka ọjọ́ tó kù lórí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì mọ èyí tí òun ń kà, ti ẹ̀gbọ́n òun ni tàbí ti màmá.

Ọjọ́ kọkànlélógún pé. Adémúyìwá jókòó síwájú fóònù láàárọ̀, ó ti bọ́jú, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti sinmi." Tẹjúmádé tó ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé ju kànìnkànìn sílẹ̀, ó sáré. Bàbá Dáníẹ́lì dé fìlà rẹ̀, ó wá, ó jókòó, ó sọ ọ́.

Adémúyìwá ò ṣubú. "Láti ìgbà wo?"

"Kó o tó dé."

"Ẹ̀ẹ́n." Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Màá fi ẹsẹ̀ lọ."

Tẹjúmádé rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. "Bùrọ̀dá mi, Gbénga ti wà níta. Ẹ jẹ́ ká gun ọ̀kadà."

"Wọ́n ní mi ò lè rìn dé oko. Kí wọ́n rí mi bí mo ṣe ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Ìyẹn ni yóò mú inú wọn dùn jù. Ẹni tó ti Dàkáà rìn wá kì í gun ọ̀kadà lọ bá ìyá rẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Ó pa ìpara sẹ́sẹ̀, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì lé ara wọn, ó rọ omi sí ìgò méjì, ó nu bàtà, ó wá ọ̀pá ìrìn rẹ̀. Ó ń wá ọ̀pá lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pe Tẹjúmádé láti Ọ̀rà pé kó máa bọ̀ kíákíá. Ó kúnlẹ̀ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Máa lọ," Adémúyìwá wí. "Màá bá yín níbẹ̀."

Màmá ti kéré lórí ibùsùn bí aṣọ tí wọ́n ká sílẹ̀. "Ṣé ó ti sinmi?"

"Ó ti sinmi, Màmá. Ó ń bọ̀."

"Kí ló gùn?"

"Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀."

Ẹnu màmá mì díẹ̀, ó jọ ẹ̀rín. "Ó jìnnà," ni wọ́n wí. "Ẹ sọ fún un kó rọra." Màmá ní kí wọ́n kọjú òun sí ẹnu ọ̀nà. Màmá wo ẹnu ọ̀nà náà fún wákàtí kan ó lé. Tẹjúmádé ló pa ojú wọn dé.

Oòrùn ti kan àtàrí nígbà tí Adémúyìwá yọ, ó na fóònù sókè, ó ń bá a sọ̀rọ̀, òógùn ń dán lójú rẹ̀. Ó rí àwọn èèyàn tó dúró lágbàlá. Ó rẹ fóònù náà sílẹ̀.

Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ ọ́ fún un. Ó ti ìrìn àjò dé ni. Tẹjúmádé gbé omi jáde, ó kúnlẹ̀, ó tú okùn bàtà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn, bùrọ̀dá mi," ló wí. "Ẹ jókòó. Ẹ sinmi ná."

Láti Òkè-Ìlá dé Ọ̀rà, ogún ìṣẹ́jú ni lórí ọ̀kadà.