Ohun Tó ń Kùn Nídìí Típà

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹfà, ọdún 2023, Olúwagbénga Ilésanmí kú. Ibà ló pa á.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Bàbá rẹ̀ dúró nínú ẹrẹ̀ ní gárééjì kan ní Ìgàndó, ó ń wo ẹsẹ̀ mẹ́káníìkì tó yọ síta lábẹ́ típà ọmọ rẹ̀. Wọ́n ti fi jáàkì gbé ìdí ọkọ̀ náà sókè, wọ́n sì ti to gẹdú sábẹ́ rẹ̀ kó má bàa já lé èèyàn lórí.

"Bàbá, ẹ bá mi yí táyà yẹn," Ọláyíwọlá wí láti ìsàlẹ̀.

Bàbá Ilésanmí yí táyà. Ọláyíwọlá fi orí ọ̀pá irin gígùn kan kan ibi tí táyà ti so mọ́ ásù ẹ̀yìn, irin ńlá tó mú táyà méjèèjì dání, ó ti orí kejì mọ́ etí, ó dijú bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lápá ọ̀tún, ó ṣe bẹ́ẹ̀ lápá òsì. Nígbà tó jáde, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò.

"Kì í ṣe bẹ́árìn táyà. Èyí tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ dákẹ́ bí ọmọ tó sùn."

"Kí wá ni?"

"Ẹ jẹ́ ká wà á ná."

Goodluck, dírẹ́bà tí wọ́n gbà lẹ́yìn ìrántí ọdún kan, ló kọ́kọ́ mú ẹjọ́ ariwo náà wá. Ó ní bí òun bá ti kó yanrìn, tí òun tẹná mọ́ ọn, nǹkan kan ń kùn nídìí ọkọ̀ bí oyin inú ihò igi. Wọ́n ní táyà ni, wọ́n pààrọ̀ táyà. Wọ́n ní bẹ́árìn ni, wọ́n pààrọ̀ bẹ́árìn. Ariwo náà ń ga sí i ni. Goodluck fúnra rẹ̀ bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Àwọn ará àdúgbò ní Baruwa ní ọkọ̀ náà ń sunkún olówó rẹ̀. Wòlíì obìnrin kan ní ìjọ aláṣọ funfun tí Gbénga ń lọ nígbà ayé rẹ̀ fi ìgò omi àdúrà ránṣẹ́ pé kí wọ́n wọ́n ọn sí i lára. Bàbá Ilésanmí gba omi náà, ó dúpẹ́, ó sì gbé e sínú ọkọ̀ bó ṣe wà. Ó ní irin kì í sunkún.

Kì í ṣe ariwo gan-an ló ń bà á lẹ́rù. Mojísọ́lá, ìyàwó Gbénga, ń gbé inú ilé bàbá ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ, Olúwapẹ̀lúmi àti Naomi. Ilé-ìwé aládàáni tí obìnrin náà ti ń kọ́ni kò lè bọ́ wọn, ìyá rẹ̀ sì ti bá a wá iṣẹ́ tó sàn ní Ṣàgámù. Òun àti bàbá ọkọ rẹ̀ ti jọ sọ ọ́ láìjà láìta. Bí típà bá ń ṣiṣẹ́, wọn yóò dúró. Bí kò bá ṣiṣẹ́, yóò kó àwọn ọmọ lọ kí sáà tuntun tó wọlé. Láti ọjọ́ náà ni bàbá kò ti gbé etí kúrò lára ọkọ̀ yẹn mọ́.

Mojísọ́lá bá wọn ní gárééjì bí wọ́n ṣe ń sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lórí jáàkì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ iwájú, wọ́n kọrí sí ọ̀nà Ìkòtún, Ọláyíwọlá ló wà á. Bó bá tẹná, ìdí ọkọ̀ á kùn. Bó bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, ohùn náà á yí padà, á máa rún bí ẹni tó ń payín lójú oorun. Ó wá ń kó ọkọ̀ sọ́tùn-ún, ó ń kó o sósì, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń bú u, wọ́n ń bi í bóyá ìyá rẹ̀ ló ni títì.

"Bó bá jẹ́ ti táyà ni, ohùn ì bá yí padà bí mo ṣe ń rọ́ ọ kiri," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ló ń tẹ̀ lé. Inú dífù ni."

Dífù ni ikùn irin tó wà láàárín ásù ẹ̀yìn, níbi tí agbára ẹ́ńjìnnì ti ń pín sí táyà ọ̀tún àti tòsì. Nígbà tí wọ́n padà dé gárééjì, Ọláyíwọlá tú nọ́ọ̀tì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ́ìlì tó yẹ kó dúdú bí oyin ìgàn jáde ní funfun ràkọ̀ràkọ̀ bí ògì, lẹ́búlẹ́bú irin sì ń tàn nínú rẹ̀.

Ọláyíwọlá fi ìka tọ́ ọ wò, ó ń ra á láàárín ọwọ́. "Omi rèé. Bàbá, níbo lẹ gbé ọkọ̀ yìí sí ní gbogbo ọdún yẹn?"

Mojísọ́lá ló fèsì.

"Ẹ̀bá kánáàlì, lẹ́yìn ilé. Àgbàrá dé ní oṣù Keje, ó bo táyà kọjá ìdajì."

"Kò sì sẹ́ni tó gbé e kúrò? Ẹ ò tiẹ̀ sítáàtì ẹ̀?"

Obìnrin náà wojú ilẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ṣe é sọ lójú bàbá ọkọ.

Nínú ìdílé Ilésanmí, ní Ìkìrun, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan irinṣẹ́ olóògbé kí ọdún tó yípo. Nígbà tí bàbá tó bí Bàbá Ilésanmí kú, àdá àti ọkọ́ rẹ̀ wà lórí àjà títí ìrántí fi pé, kí wọ́n tó pín in. Nítorí náà, nígbà tí àwọn onítípà ẹgbẹ́ Gbénga wá bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn bá wọn máa wa ọkọ̀ náà, bàbá ní rárá. Nígbà tí àgbàrá dé, tí Mojísọ́lá kúnlẹ̀ nínú òjò pé kí wọ́n ṣá jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ gun orí ilẹ̀ gíga, ó ní ọdún kò tíì yípo. Ohùn tó fi sọ ọ́ nígbà náà ni gbogbo ilé mọ̀ sí ohùn tí a kì í bá jiyàn. Àdá tó bá lo ọdún kan lórí àjà, òkúta ìpọ́nrin ni yóò mú un bọ̀ sípò. Ọkọ̀ kì í ṣe àdá.

Nígbà tí wọ́n ṣí dífù tán, ìpẹtà ti jẹ eyín inú rẹ̀ wọ̀ bí eyín ẹni tí kòkòrò ń jẹ. Ọláyíwọlá gbé gíà méjèèjì, ńlá àti kékeré, sórí àpò ìrẹsì. Ó ní méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ wá ni.

"Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti jọ lọ ara wọn. Ọkọ àti ìyàwó ni wọ́n. Bí ọ̀kan bá ti lọ, èkejì ò lè bá ẹlòmíì…" Ó rántí ẹni tó dúró tì í, ó pa ẹnu mọ́.

"Irin nìyẹn, Bùọ̀dá Láyí," Mojísọ́lá wí jẹ́jẹ́. "Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ."

Bàbá gbọ́ ọ. Kò wo apá ibẹ̀.

Wọ́n wá méjì tó jọ wá náà títí dé ọjà páàtì ọkọ̀ ní Ládìpọ̀, wọn kò rí i. Irú ásù yẹn ti gbó jù, wọn kì í sábà kó o wọlé mọ́. Wọ́n rí ńlá láìsí kékeré. Ẹ̀ẹ̀kan ni bàbá tẹ̀ lé Ọláyíwọlá lọ, tó ń gbé ọ̀kan nínú gíà náà káàkiri nínú àpò ọ̀rá, tó ń nà án sí àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́jà tó lè bí lọ́mọ, tí wọ́n ń mi orí.

Ọláyíwọlá ló wá dá ìmọ̀ràn ìkẹyìn. Ó sọ ọ́ fún bàbá nìkan, ní ìdákẹ́jẹ́. Ọmọkùnrin kan wà ní Dopemu tó ń wá típà rà. Bí àwọn bá to gíà náà padà, tí àwọn po gíríìsì líle mọ́ lẹ́búlẹ́bú pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú, tí àwọn rọ ọ́ kún dífù, kò ní kùn mọ́ títí tí onítọ̀hún yóò fi sanwó. Owó náà yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù fún Mojísọ́lá ní Ìkòtún. Àwọn ọmọ kò ní lọ síbì kan.

Bàbá kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọláyíwọlá gba ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sí àṣẹ, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Adéṣọlá, ọmọ Dopemu náà, dé sí ilé wọn ní Baruwa ní ọ̀sán Sátidé. Aláwàdà ni. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, ó yí típà po, ó ní ọkọ̀ yìí ju òun lọ lọ́jọ́ orí, pé ó yẹ kí òun dọ̀bálẹ̀ fún un náà. Ó wà á dé ọ̀nà Ìpájà, ó sì wà á padà. Bàbá dúró lẹ́nu géètì, ó ń tẹ́tí sí i bó ṣe ń bọ̀. Ọkọ̀ náà dákẹ́. Bó ṣe máa ń dákẹ́ nígbà tí Gbénga bá ń wọlé nìyẹn, tó jẹ́ pé hóònù nìkan ni wọn yóò gbọ́.

"Bàbá, ó wù mí," Adéṣọlá wí bó ṣe sọ̀ kalẹ̀. "Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní tí mo bá ra ọkọ̀, àwọn ló máa jókòó tì mí níwájú, ká jọ máa fi ṣiṣẹ́."

Mojísọ́lá ń gbé omi bọ̀ fún àlejò nínú àwo.

"Má rà á," bàbá wí.

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé wọ́n fẹ́ fi kún owó ni.

"Lẹ́búlẹ́bú pákó ló wà nínú dífù rẹ̀. Ó ti bàjẹ́. Bí o bá kó yanrìn gun òkè, ó lè há, kí táyà ẹ̀yìn dúró lójijì. Ìwọ àti bàbá rẹ." Ó nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́. "Máa lọ sílé, ọmọ mi."

Ọláyíwọlá bojú wẹ̀yìn. Adéṣọlá gbé kọ́kọ́rọ́ lé ọwọ́ bàbá, ó dúpẹ́, ó lọ láì mu omi. Mojísọ́lá gbé àwo náà sọ̀ lórí àtẹ̀gùn.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ó ní. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa kó àwọn ọmọ lọ."

Bàbá fẹ́ sọ fún un pé kí wọ́n dúró. Ó wá ohun tí yóò gbé ọ̀rọ̀ náà lé, kò rí i. Ó mi orí. Ó gbé omi náà, ó mu ún.

Wọ́n lọ. Lọ́jọ́ tí àwọn tó ń ra irin àlòkù yóò dé, bàbá gun iwájú típà láti palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ó tẹ́ àpò sórí àtẹ̀gùn, ó sì ń kó ohun tó bá rí sórí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: aṣọ ìnujú tó ti gbẹ gan-in, sílípáàsì kan, ti ẹsẹ̀ òsì, ṣíbí ìjẹun, ìgò omi àdúrà, tó ṣì kún, fìlà funfun tí Gbénga ń dé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìbọ̀sẹ̀ Naomi kan, láti ìgbà tó ṣì kéré, bírò tí kò kọ mọ́, àti lẹ́yìn àga, níbi tí Goodluck kò débẹ̀, gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì dífù kan, bí Gbénga ṣe rà á wálé, tí kò tíì ṣí ìdérí rẹ̀.