Ẹní Ńlá Iwájú Ilé Akenese

Ẹgbẹ́ Tọkọtaya Aláàfíà ń ṣọ̀fọ̀, ọ̀fọ̀ náà sì wà létòlétò bíi gbogbo ohun tí wọ́n máa ń ṣe. Aṣọ funfun ni gbogbo wọn wọ̀. Wọ́n ti yára yọ àwòrán Fereti àti Leitu kúrò lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, torí àwọn méjèèjì ni tọkọtaya àwòkọ́ṣe ọdún náà, kò sì ní dáa kí àlejò wọlé kó bá ọkùnrin tó lu ìyàwó ẹ̀ pa níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Fereti wà látìmọ́lé ní Apia, olú ìlú. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà. "Ọ̀tá ló wọlé!" ni Pásítọ̀ Penitito ń wí, gbogbo ìjọ sì ń bá ọ̀tá wí kíkankíkan. Ọ̀tá ò ní ẹbí kankan nínú ìjọ, nítorí náà kò sẹ́ni tó bínú.

Makerita, ìyàwó pásítọ̀, ń ṣe àmín bíi tiwọn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Láàárín oṣù méjì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Leitu gba ẹ̀yìnkùlé wá bá a nílé ìdáná, tòun ti ojú wíwú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ló fún un ní kòkó gbígbóná, tó gbàdúrà fún un, tó sì ní kó padà sílé lọ fara balẹ̀, bí Pásítọ̀ ṣe máa ń kọ́ àwọn ìyàwó nínú ẹgbẹ́ náà. Ó tilẹ̀ bá a fi páúdà bo ojú náà lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ya àwòrán ògiri. Akenese, ìyá Leitu, ò mọ̀. Láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti kú, Makerita ló ń rọ̀ mọ́, tó ń pè ní ọmọ dáadáa, ìyẹn gan-an ni Makerita ò lè gbé mì.

"Ṣé kí n sọ fún ìyá ẹ̀?" ó bi ọkọ rẹ̀ láàárọ̀, bó ṣe ń bá a so táì.

"Sọ kí ni? Ṣé ìwọ lo lù ú ni? Jọ̀ọ́, má dá kún un. Àwọn ará ilé Fereti ń bọ̀ wá tọrọ àforíjì lónìí, mo sì ti kọ ọ̀rọ̀ ìdáríjì sílẹ̀. Abala mẹ́rin."

"Abala mẹ́rin?"

"Mo ti gé e kúrú náà nìyẹn."

Ifoga ni wọ́n wá ṣe. Ẹbí ẹlẹ́ṣẹ̀ á kúnlẹ̀ sínú oòrùn níwájú ilé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, ẹní ńlá tó dáa jù lọ́wọ́ wọn á bo orí wọn, wọn ò sì ní dìde àfi bí onítọ̀hún bá ṣí i. Uelese, bàbá Fereti, ló wà níwájú. Arúgbó tí ò gbọ́wọ́ sókè sí èèyàn rí ló ń làágùn lábẹ́ ẹní yìí o, pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ sì wà ní ibòòji, lórí ìrọ̀rí.

Makerita dìde.

"Níbo lò ń lọ?" Penitito sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Makerita rìn bọ́ sínú oòrùn, ó gbé etí ẹní náà sókè, ó sì kúnlẹ̀.

"Màmá Pásítọ̀, ẹ ti ṣìnà," Uelese ní. "Ọ̀hún ni tiyín wà."

"Bàbá, ẹ bá mi sún díẹ̀."

Làwọn ará ìjọ bá bú sẹ́kún. "Ẹ ò rí ìrẹ̀lẹ̀!" Ẹnì kan ti dá orin. Penitito náà nu ojú, ó yọ bírò, ó ń fi abala karùn-ún kún un.

Akenese jáde wá. Ó ṣí ẹní kúrò lórí Uelese, ó sì fẹnu ko arúgbó náà lórí. "Ẹ dìde. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe é." Ó yíjú sí Makerita. "Dìde, ọmọ mi. Kí ni tìẹ níbí?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló sá wá bá mi, màmá. Mo ní kó padà sílé. Èmi ni mo fi páúdà bo ojú ẹ̀ kí wọ́n tó ya àwòrán yẹn."

Orin dákẹ́. Akenese bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ẹ pé kó padà?"

Makerita tẹjú mọ́lẹ̀, kò wẹ̀yìn. Akenese ló wo ibòòji fúnra rẹ̀. Ó fa ẹní náà padà bo Makerita lórí.

"Wà níbẹ̀ ná," ó ní. Ó wá gbóhùn sókè. "Pásítọ̀, ẹ máa bọ̀. Ó gba èèyàn méjì."