Ọmọ Àgùnfọn Ẹ̀yìn Òkè Àrin

"Ẹ má fà á lọ́rùn! Ẹ fi ẹ̀yìn tì í!" Jíbrílù ń pariwo. Àwọn géńdé ń làágùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ àgùnfọn tó nà gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, nínú ọgbà kan lẹ́yìn Òkè Àrin. Òkè Ọya ni Jíbrílù ti fi ọkọ̀ ojú irin gbé e wá, wọ́n sì ń retí ọkọ̀ òkun tó máa gbé e lọ fún òyìnbó tó rà á. Bí kò bá tètè dìde, kíkú ló máa kú.

Mọ̀núrù, tí Jíbrílù gbà síṣẹ́ láti máa tọ́jú ẹranko náà, ń da yanrìn sábẹ́ pátákò rẹ̀. Kò lè gbójú sókè. Ojú ń tì í débi pé ó wù ú kí ilẹ̀ lanu, kó gbé e mì.

Jíbrílù ti kìlọ̀ fún un pé òkè ni kó máa so korobá omi kọ́. Àgùnfọn tó bá fẹ́ mumi nílẹ̀, àfi kó ya ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì gbàgà, sìmẹ́ńtì sì ń yọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà táwọn ará àdúgbò kóra jọ sẹ́nu géètì láàárọ̀, ṣekárími wọ Mọ̀núrù lẹ́wù. Ó sọ korobá kalẹ̀. Ẹranko náà yasẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó tún yasẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ yọ̀, ó ṣubú gbì. Kò tilẹ̀ ké.

"Ó ń dìde o!"

Ó dìde lóòótọ́, gbogbo ara ń gbọ̀n.

"Alhamdulilai," ni Jíbrílù wí. Ìgbà náà ló rí korobá nílẹ̀. "Ta ló sọ èyí kalẹ̀?"

Ó kọjú sí Ṣàíbù, bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ géètì.

"Bàbá Ṣàíbù, ẹ máa lọ sílé yín. Mọ̀núrù ò jẹ́ ṣe irú èyí. Mo mọ ẹni tí mo gbéṣẹ́ fún."

"Wàláì, mi ò fọwọ́ kàn án," ni bàbá náà ń wí. Ó wo Mọ̀núrù, ó sì kọrí sí géètì.

Ìyìn yẹn dun Mọ̀núrù ju ìgbájú lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ lójú gbogbo àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má lé Bàbá Ṣàíbù. Èmi ni mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń dùn mọ́ mi."