Ọsàn Ara Ìgò

Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé ìgò, ẹ wá sí yàrá ẹ̀yìn ilé Amójúdán. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí omi ìpara ojú tó ń ṣe, èyí tí fítámì C wà nínú rẹ̀. Kọ́tìnì yàrá náà kì í ṣí. Ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá fítámì yẹn. Bí wọ́n bá rí i gbá mú, omi tó mọ́ gaara á di aláwọ̀ tíì, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tó fi ń rọ ọ́ sínú ìgò dúdú kéékèèké, tó ń tò wọ́n sínú fíríìjì bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn. Lára ìgò kọ̀ọ̀kan, atẹ̀wé ya ọsàn kan tó là sí méjì, tó pọ́n dẹ̀dẹ̀. Ọsàn yẹn ló dá gbogbo ọ̀ràn sílẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká mú un ní ẹsẹẹsẹ.

Ìyá Amójúdán ń gbé lọ́dọ̀ Amójúdán àti ọkọ Amójúdán tó jẹ́ káfíńtà. Màmá lọ́yàyà, ẹnu rẹ̀ sì mú, eyín inú ẹnu náà nìkan ni kò pé mọ́. Ẹ̀fọ́ máa ń há sí i láàárín eyín, nítorí náà ó ti bá ẹ̀fọ́ ṣọ̀tá. Búrẹ́dì tó bá ti rì bọ inú tíì ló kù tó ń gbádùn. Amójúdán bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ló bá ń ra ọsàn méje fún un ní gbogbo Sátidé.

"Màmá, ọ̀kan lóòjọ́ o."

"Mo ti gbọ́, dókítà mi."

Nígbà tó di bí oṣù mẹ́ta, ara Màmá kò dá ṣáṣá mọ́. Á ti rẹ̀ ẹ́ kó tó rìn dé ẹnu ọ̀nà. Èrìgì rẹ̀ wú, bó bá bu búrẹ́dì jẹ, ẹ̀jẹ̀ á hàn lára búrẹ́dì. Àmì dúdú-dúdú yọ sí i lẹ́sẹ̀ bíi ti ẹni tó fi ẹsẹ̀ gbá àga, bẹ́ẹ̀ kò gbá nǹkan kan. Ẹ̀rù ba Amójúdán gidigidi. Ìyá kan ṣoṣo ló ní, kò sì tíì ṣe tán láti máa wá a nínú fọ́tò.

Ojú iṣẹ́ rẹ̀ ni oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń wo ayé. Káfíńtà ní àga Màmá ló ga jù, ó ti mú ayùn kó gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Amójúdán ní rárá, awọ ara rẹ̀ ni. Ó gbé ìgò jáde nínú fíríìjì, ó ń fi omi ìpara pa ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́.

"Gbé e kúrò lẹ́sẹ̀ mi jàre," ni Màmá ń wí. "Ojú àwọn tó ń wá ọkọ ni kí o lọ fi pa. Ìgò mélòó lo ti fi ṣòfò báyìí?"

"Ẹ jẹ́ kí n tọ́jú yín."

Ó fi pa á fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹsẹ̀ ń dán bíi dígí, àmì náà ń pọ̀ sí i.

Ni wọ́n bá lọ sílé ìwòsàn. Dókítà obìnrin kan yẹ ẹnu Màmá wò, ó yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì béèrè ohun tó ń jẹ. Amójúdán ló gba ọ̀rọ̀ náà sọ: búrẹ́dì, tíì, ìrẹsì díẹ̀, ẹ̀fọ́ kò sí, ṣùgbọ́n ọsàn kan lóòjọ́, òun fúnra òun ló ń rà á.

"Ọ̀rọ̀ yìí rú mi lójú," ni dókítà wí. "Gbogbo àmì tí mo ń rí yìí, ti ẹni tí fítámì C ti tán lára rẹ̀ ni."

"Fítámì C kẹ̀? Nínú ilé tèmi? Òun gan-an ni mo fi ń pa wọ́n lẹ́sẹ̀!"

Dókítà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ojú awọ ni ìpara yín ń bá ṣiṣẹ́, ó sì wúlò níbẹ̀. Èyí tó ń so ẹran ara pọ̀, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa jò sábẹ́ awọ, ẹnu ló ń gbà wọlé. Ara wa kò lè ṣe é fúnra rẹ̀, kò sì lè tọ́jú rẹ̀ pẹ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá." Ó yíjú sí arúgbó. "Màmá, ẹ̀yin ni mo ń bi báyìí. Ṣé ẹ ń jẹ ọsàn yẹn?"

Màmá wolẹ̀. Ó ká etí ìró rẹ̀, ó tún tú u.

"Dókítà, ṣé iṣẹ́ ọmọ mi ni kí n máa jẹ ni?"

Díẹ̀díẹ̀ ni Màmá fi là á yé wọn. Ọsàn ni wọ́n yà sára ìgò, òun náà ní ojú, òun rí i. Bí ọmọ bá wá ń kó ọsàn méje fún òun lọ́sẹ̀, ṣé kì í ṣe pé ìgò méje ló ń dín kù nínú iṣẹ́ rẹ̀? Ìyá wo ló máa jókòó ti irú ẹ̀? Nítorí náà, bí Amójúdán bá ti wọ ilé ìwẹ̀ láàárọ̀, òun á gbé ọsàn kan, òun á rọra wọ yàrá ẹ̀yìn, òun á fi sẹ́yìn ìgò nínú fíríìjì.

Amójúdán mọ ọsàn wọ̀nyẹn. Lójoojúmọ́ tó bá parí iṣẹ́, ó ń bá ọ̀kan níbẹ̀, tútù minimini. Ó rò pé ọkọ òun ló ń fi pamọ́ fún òun, á sì jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Ó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ tó ìgbà mẹ́wàá! Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi jẹ ìlera ìyá rẹ̀, tó ń lá ọwọ́. Ó bú sẹ́kún níwájú dókítà, kò lè mú un mọ́ra.

Màmá gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. "Kí lo ń sunkún sí? Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn, Màmá."

"Ó tán nìyẹn."

Dókítà fún wọn ní oògùn oníhóró, ó sì ní kí ọsàn di méjì lóòjọ́. Nígbà tí wọ́n délé, Amójúdán dojú kọ ọkọ rẹ̀: ọpẹ́ ọsàn tí kò rà, kí ló dé tó ń gbà á? Káfíńtà họ orí. "Ìyàwó ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni, ta ló máa wádìí ẹ̀? Mo rò pé mo rà á, mo sì gbàgbé ni."

Amójúdán mú Màmá wọ yàrá ẹ̀yìn. Ó ṣí ike tó fi ń tọ́jú fítámì, ó fi hàn án. Ìyẹ̀fun funfun ni, bí iyọ̀.

"Ibo ni ọsàn wà níbẹ̀?"

"Kò sí, Màmá. Ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ti ń ṣe é."

"Kí ló wá dé tí o ya ọsàn sí i?"

"Kó lè wu èèyàn ni."

"Ó kúkú wù mí," ni Màmá wí.

Láti ọjọ́ náà, Amójúdán á bó ọsàn, á gé e wẹ́wẹ́ nítorí eyín, á sì dúró ti ìyá rẹ̀ bí ọlọ́pàá títí yóò fi gbé e mì. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ẹ̀jẹ̀ ti dá. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, àmì ẹsẹ̀ ti ṣá, Màmá sì ti ń rìn lọ bá aládùúgbò ṣe àríyànjiyàn.

Ní Sátidé kan, Amójúdán ṣí fíríìjì láti mú ìgò. Ọsàn kan wà lẹ́yìn wọn. Ó gbá ọsàn náà mú, ó sáré lọ sí yàrá ìyá rẹ̀.

"Màmá! Ṣé a tún ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Màmá la ẹnu gbàgà kí ọmọ rẹ̀ lè rí èrìgì òun. Ó na ẹsẹ̀ síwájú kó rí i pé ó mọ́.

"Mẹ́rìnlá lo rà lọ́sẹ̀ yìí. Mo ti jẹ mẹ́tàlá, o sì dúró tì mí, ti alẹ́ yìí nìkan ló kù. Oṣù kan ààbọ̀ rèé, ọ̀kan kò kan ẹnu tìẹ. Ìyẹn, tìẹ ni. Ibi tí o ti máa ń rí i ni mo gbé e sí."

Amójúdán jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó bó ọsàn náà. Màmá kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀ títí ó fi gbé èyí tó kù mì.